Òṣùwọ̀n Abàmì Ẹ̀dá: Ibi Tí Gíga Kong, Godzilla àti Alien Ti Wá

Ẹni tó bá ti dúró nídìí Ọ̀pá Ọ̀rányàn rí, nílùú Ilé-Ifẹ̀ wa níbí, tó sì gbójú sókè wo ṣóńṣó òkúta náà, ti mọ bí King Kong, ìnàkí ràbàtà inú sinimá, ṣe ga tó. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18 ni ọ̀pá náà. Ẹsẹ̀ bàtà 18 náà ni àwọn tó ṣe Kong fún sinimá lọ́dún 1933 fún un nígbà tó ṣì wà ní erékùṣù rẹ̀. Mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní irọ́ ni. Kong tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Godzilla, abàmì ẹ̀dá inú sinimá Japan. Àwọn méjèèjì ga dọ́gba, ó sì gbà pé bí wọ́n ṣe rí gan-an nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe rí gan-an kẹ̀? Ẹkùn ní gíga tirẹ̀, ẹni tí àyà bá kì lè lọ wọ̀n ọ́n. Ta ni yóò wọn Godzilla? Ẹ̀dá tí ìyá kankan kò bí, ara ohun tí wọ́n bá gbé tì í ni òṣùwọ̀n rẹ̀ ti ń wá: ilé, ènìyàn, tàbí páálí tí wọ́n fẹ́ dì í sí.

Ère Kong tí Marcel Delgado mọ, tí Willis O'Brien ń yí lápá yí lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú kámẹ́rà, kò ju íǹṣì 18 lọ. Egungun irin ló wà nínú, rọ́bà àti òwú lé e, awọ ehoro wà níta. (Ẹ wo irun ara rẹ̀ dáadáa nínú fíìmù náà, ó ń rú bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Ìka àwọn tó ń yí i ni.) Íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí tí à ń kọ ní 1/12. Àfi ìgbà tí wọ́n gbé Kong dé New York tó di kékeré lójú láàárín àwọn ilé gogoro ibẹ̀. Merian C. Cooper, ọ̀kan lára àwọn olùdarí fíìmù náà, kò jẹ́ kí ìṣirò dí òun lọ́wọ́: wọ́n lo ère mìíràn tó ga ní íǹṣì 24, Kong sì fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ga sí i láàárín ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó ń polówó fíìmù ní tiwọn kọ ọ́ síta pé 50 ni.

N kò bú Cooper. Ẹ wo ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó lọ́dún 1957: orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Bí ẹ bá bi mí pé 1/ mélòó ni ère yẹn, orí á wí tirẹ̀, ẹsẹ̀ á wí tirẹ̀. Kì í ṣe pé Ifẹ̀ kò mọ ara wọ̀n, ẹni tó bá ti rí àwọn orí idẹ agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n hú lọ́dún 1938 kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Orí ni wọ́n fẹ́ kí ojú wa kọ́kọ́ bà lé.

Ní Japan, lọ́dún 1954, nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù Godzilla, ilé ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Dípò kí Eiji Tsuburaya, tó ń ṣe àrà inú fíìmù náà, máa yí ère díẹ̀díẹ̀, ó gbé ènìyàn wọ inú ẹ̀wù rọ́bà tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Haruo Nakajima wà lára àwọn tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀wù tí ènìyàn wọ̀ kò lè ju bíi mítà 2 lọ. Wọ́n sì fẹ́ kí Godzilla ga ní mítà 50, kó lè máa yọrí lókè àwọn ilé gíga Tokyo ayé ìgbà náà. Fi 2 pín 50, 25 ni. Ìyẹn ni wọ́n fi kọ́ Tokyo kékeré wọn ní 1/25. Nígbà tó di 1984, ilé Tokyo ti ga sí i, Godzilla náà sì di mítà 80. Lọ́dún 1962 tí wọ́n fẹ́ kí òun àti Kong jà, mítà 45 ni wọ́n fún Kong. Ọ̀pá Ọ̀rányàn mẹ́jọ tí a tò léra wọn kò tó o!

Nígbà tí àwọn ẹ̀dá yìí wọlé àwọn ọmọdé, páálí di ọba. Aurora, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, gbé ère alátòpọ̀ Frankenstein, abàmì ẹ̀dá inú sinimá mìíràn, jáde lọ́dún 1961 ní 1/8. Lọ́dún 1964, ó kan Kong àti Godzilla. Godzilla ní 1/8 yóò jẹ́ mítà 6.25, orí rẹ̀ yóò yọ lókè Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Ta ni yóò gbé e gba ẹnu ọ̀nà? Wọ́n sún un kì títí tó fi wọ páálí. Ibẹ̀ ni ìjà orí kọ́bọ́ọ̀dù wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Alien, abàmì ẹ̀dá inú fíìmù ọdún 1979, kò rí bẹ́ẹ̀, ara ènìyàn gidi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ọmọ Yorùbá sì ni. Bọ́lájí Bádéjọ, tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1953, ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní London nígbà tí ẹnìkan rí i nílé ọtí, tó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ridley Scott, olùdarí fíìmù náà. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10, ìyẹn mítà 2.08, ni Bádéjọ, tẹ́ẹ́rẹ́, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ. H. R. Giger tó ya àwòrán ẹ̀dá náà ní kí wọ́n fi ara Bádéjọ mọ ẹ̀wù rẹ̀. Bádéjọ kú lọ́dún 1992. Títí dòní, ẹni tó bá ń to ère Alien sórí pẹpẹ níbikíbi láyé, gíga ọmọ Èkó yìí ló ń pín. Kenner, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé, ṣe tirẹ̀ ní íǹṣì 18 lọ́dún 1979 kan náà, ó bọ́ sáàárín 1/4 àti 1/5 gíga Bádéjọ. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà olùkójọ lónìí ni 1/6, ìyẹn òṣùwọ̀n ọmọláńgidi sójà tí Hasbro gbé jáde lọ́dún 1964: íǹṣì 12 fún ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6. Fi 6 pín Bádéjọ, sẹ̀ǹtímítà 35 ni. Èmi náà ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 1/6 ni wọ́n kọ sí i lára. Nígbà tí mo na rúlà sí i, sẹ̀ǹtímítà 29 ni.

Mo wá gé Ọ̀pá Ọ̀rányàn kan láti ara páálí, ní 1/12. Sẹ̀ǹtímítà 46 ni, bákan náà pẹ̀lú ère Delgado. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé Kong rẹ̀ tì í, kò ju ìdajì rẹ̀ lọ.

“Ọ́ńkù, á jẹ́ pé 1/24 ni tèmi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó wá fi 24 pín mítà 50 ti Godzilla. Ó tẹ fóònù, ó ka iye rẹ̀ síta: mítà 2.08. Gíga Bádéjọ gẹ́lẹ́. Ó wo òrùlé, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé Godzilla rẹ̀ lọ sí yàrá kejì.