Bí Yàrá Òfìfo Ṣe Ń Jẹ Owó Onílé

Kò sí àdúgbò kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn tí èèyàn ò ti ní rí i lára ògiri: TO LET, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà gàdàgbà, tí nọ́ńbà fóònù wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò á fi èédú ki lẹ́tà I sáàárín, ó di TOILET. Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ó ń sọ nǹkan. Ilé tí àkọlé rẹ̀ ti ń ṣá, tí àwọn ọmọdé ti ráyè fi ṣeré, ti wà lófìfo tipẹ́. Bi onílé léèrè, yóò ní òun ò tíì rí ẹni gidi ni. Iye tí ìdúró yẹn ti ná an ni kì í wọ inú ọ̀rọ̀.

Iye náà sì ṣeé ṣírò. Ká ní fúláàtì oníyàrá méjì ni, tí irú rẹ̀ ládùúgbò ń lọ ní ₦1,200,000 lọ́dún. ₦100,000 lóṣù nìyẹn. Onílé ní òun ò gbà, ₦1,500,000 ni tòun, torí òun lẹ táìsì dé ilé ìdáná. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ẹni tó lè san án tó dé. Lójú ara rẹ̀, ó ti jèrè ₦300,000. Àmọ́ owó yẹn ti kúrò ní owó oṣù méjìlá. Oṣù mẹ́rìndínlógún ló gbé, mẹ́rin tí ilé fi ṣófo àti méjìlá tí ayálégbé fi gbé inú rẹ̀. Bí wọ́n bá pín in, ₦93,750 ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́ lóṣù. Aládùúgbò rẹ̀ tó gba ₦1,200,000 lọ́jọ́ kìíní, tí ayálégbé rẹ̀ ń bá a lọ láì dúró, ti kó ₦1,600,000 láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún kan náà. Oṣù mẹ́ta péré ni ààlà ibẹ̀. Tí ilé bá ṣófo jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo àfikún tí onílé ń retí lọ́dún àkọ́kọ́ ti jóná.

Ohun kan ló lè dá onílé yìí láre, ìyẹn ni iye ọdún tí ayálégbé máa lò. Bí ẹni tó san ₦1,500,000 bá gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì, ₦3,000,000 lórí oṣù méjìdínlọ́gbọ̀n jẹ́ ₦107,000 àti díẹ̀ lóṣù, ìdúró ọ̀hún sì ti mú èrè wá. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa fi máa ń wo ẹsẹ̀ ayálégbé ju àpò rẹ̀ lọ: ṣé ẹni tó máa jókòó ni, àbí ẹni tó ń kọjá lọ? Ẹni tó na ara rẹ̀ tán kó tó rí owó ọdún kìíní san kì í sábà rí tọdún kejì.

Yàrá òfìfo pàápàá kì í jókòó jẹ́ẹ́. Omi tó máa ń dúró nínú ọ̀fun àwo ilé ìgbẹ́ á gbẹ, òórùn sókàwéè á gba ibẹ̀ wọlé, aáyán á tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ omi tí kò sẹ́ni tó ń ṣí i á dípẹtà. Ìṣó kan á yọ lórí páànù, òjò á máa jò díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa pariwo. Ọjọ́ tí sílíìnì bá já lulẹ̀ ni onílé máa tó mọ̀. Ayálégbé ni ọdẹ tó ń sanwó fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Nígbà tí kò bá sí níbẹ̀, owó ọlọ́dẹ àdúgbò ò dúró, ilé sì ń bàjẹ́ lọ.

Kí ló wá ń sọ ilé di òfìfo ní ìlú tí àwọn tó ń wá ilé pọ̀ bí eéṣú? Àkọ́kọ́ ni pé iye tó wà lẹ́nu onílé kọ́ ni ayálégbé ń san. Lórí ₦1,200,000 yẹn, ajẹ́ńtì á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, owó àgírímẹ́ǹtì á tún gba ìdá mẹ́wàá mìíràn, wọ́n á wá fi kọ́ṣọ̀n, owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, lé e. Bí kọ́ṣọ̀n bá jẹ́ ₦100,000, ó ti di ₦1,540,000 kí ẹnikẹ́ni tó gbé àga kan wọlé. Onílé tó bá fẹ́ kí ilé rẹ̀ tètè kún lè gé nǹkan níbí láì fọwọ́ kan owó ilé gan-an. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, torí ajẹ́ńtì ló sábà ń di ẹnu ọ̀nà mú, ire ajẹ́ńtì sì yàtọ̀ sí ti onílé. Ìgbàkigbà tí ayálégbé bá yí padà ni ajẹ́ńtì ń jẹun. Ẹni tó bá gbé ilé fún ọdún mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bá ajẹ́ńtì pàdé.

Èkejì ni ìgbéraga. Kíkọ́lé kì í ṣe nǹkan kékeré láàárín Yorùbá; àdúrà ni wọ́n ń fi í ṣe fúnni. Kò yani lẹ́nu pé ẹni tó fi ogún ọdún kó búlọ́ọ̀kù jọ máa ń fẹ́ kí ilé náà sọ̀rọ̀ fún òun. Ibi tó ti ń di ìṣòro ni ìgbà tí ó bá ń fi ọkàn tó fi kọ́lé dá iye owó ilé, tó tún ń fi yan ẹni tó máa gbé e. Kò fẹ́ lọ́yà, kò fẹ́ ọlọ́pàá, kò fẹ́ sójà, kò fẹ́ obìnrin tó ń dá gbé, kò fẹ́ ẹ̀yà báyìí. Bó ṣe ń ka ẹnì kọ̀ọ̀kan kúrò, bẹ́ẹ̀ ló ń dín iye àwọn tó lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kù. (Ti lọ́yà ló pani lẹ́rìn-ín jù. Onílé tó bá ń bẹ̀rù ẹni tó lè ka àgírímẹ́ǹtì, àgírímẹ́ǹtì náà ló yẹ kó lọ tún wò.)

Àfojúsùn ni wọ́n fi ń dènà púpọ̀ nínú èyí, ó sì ti yẹ kó wà kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀: ta ni ilé yìí wà fún? Àwọn tó kọ́lé sí Agbowó n'Ìbàdàn, tó dojú kọ Yunifásítì Ìbàdàn, mọ ìdáhùn tiwọn: akẹ́kọ̀ọ́ ni. Yàrá kéékèèké, kí wọ́n pọ̀, kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Èrò tó dára ni, títí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, tí wọn ò padà títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé rẹ̀ parí láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn fẹ́ tún san òmíràn sí, nígbà tó wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀? Onílé tó fi yàrá méjì-mẹ́ta sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò, tàbí tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, rí nǹkan mú dání.

Ayálégbé tó ti wà nínú ilé ló sì rọrùn jù láti rí. Èyí tó ń lé e lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ owó ńlá. Wọ́ṣà ẹ̀rọ omi tó ti jẹ, tó ń kán tó tó tó ní gbogbo òru, tí ó ti sọ fún onílé lẹ́ẹ̀mẹta. Gílóòbù orí àtẹ̀gùn. Sókàwéè tó kún. Owó tí wọ́n fi ń tún wọn ṣe nínú ọdún kan kì í sábà tó owó oṣù kan tí ilé fi ṣófo.

Òfin náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, nígbà ìjọba Babatunde Fashola, ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ẹjọ́. Ẹni tó ṣí páànù kúrò lórí ayálégbé láti fipá lé e ti dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn, ayálégbé ò báà jẹ owó ọdún mélòó.

Bí ayálégbé bá tilẹ̀ máa lọ ní ìrọ̀wọ́-rọsẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ onílé. Ẹni tó bá béèrè ní oṣù mẹ́ta ṣáájú bóyá ayálégbé máa sanwó ọdún tó ń bọ̀, tó ti bá oníkunlé sọ̀rọ̀ sílẹ̀, tó sì ń mú àwọn èèyàn wá wo ilé nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ò tíì kó jáde, lè fi ọ̀sẹ̀ kan parí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó dúró di ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù jáde á kọ́kọ́ wá oníkunlé, á wá púlọ́ńbà, á wá pe ajẹ́ńtì, oṣù méjì ti lọ.

Àwọn tó ń wá ilé kì í sì í sábà wo táìsì. Obìnrin kan á wọlé pẹ̀lú ajẹ́ńtì, á gba yàrá kọjá láì gbójú sókè wo sílíìnì, á lọ tààrà síbi síńkì, á ṣí ẹ̀rọ omi. Tí omi bá yọ, á béèrè bóyá Bándì A, ìyẹn ìpele tí iná rẹ̀ máa ń pẹ́ jù lójúmọ́, ni iná ibẹ̀.