Oyè Orí 2go

Àgbègbè Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́, nítòsí LAUTECH, kò ní ààfin, síbẹ̀ oyè pọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2012. Ẹ ó rí ọmọ ọdún kìíní tó ń jẹ́ Master, ẹ ó sì rí ẹni tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ tó ṣì jẹ́ Novice, tójú ń tì í láti sọ. Orí 2go, áàpù ìtàkúrọ̀sọ orí fóònù, ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Gúúsù Áfíríkà ló ti wá. Alan Wolff àti Ashley Peter, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Wits ní Johannesburg, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2007, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè máa rí tímùtébù ara wọn. Ìtàkúrọ̀sọ ló wá gbapò lọ́wọ́ tímùtébù, Nàìjíríà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kì í yan fóònù pọ̀ṣìn. Nokia alábọ́tìnnì tó ní Java ti tó. Ọ̀rọ̀ ló ń gbé jù, kì í jẹ dátà púpọ̀: owó téèyàn ì bá fi fi tẹ́ẹ̀sì díẹ̀ ránṣẹ́, ó lè fi tàkúrọ̀sọ mọ́jú.

Ìràwọ̀, ìyẹn àmì oyè náà, ló wá jẹ́ ká ya wèrè sí i. Bó o bá ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀ ni tìrẹ ń ga: Novice, Amateur, Senior, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Veteran àti Master. Kì í ṣe ọgbọ́n, kì í ṣe owó, wákàtí la fi ń jẹ oyè. Bí mo bá ń lọ sí kíláàsì, àbúrò mi ni mo ń gbé fóònù fún kó bá mi jókòó tì í. Mo mọ ẹni tó ní bátìrì mẹ́ta, tó ń pààrọ̀ wọn bí ẹni ń yí iṣu lórí iná, nítorí NEPA. Nínú àwọn room, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tàkúrọ̀sọ pọ̀, GoCredits, owó orí 2go, ni owó oníbodè. Orúkọ tó bá sì wu ẹnikẹ́ni ló ń jẹ́. "Sweetlips" lè jẹ́ onírùngbọ̀n kan ní àdúgbò Adéníkẹ̀ẹ́ l'Ógbòmọ̀ṣọ́. (Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.)

Nígbà tí WhatsApp dé, kò béèrè orúkọ àdàpè. Nọ́ńbà fóònù rẹ ti tó, màmá rẹ àti class rep ti wà níbẹ̀ kó o tó dé. Android ń pọ̀ sí i lọ́jà, àwòrán àti ohùn ń kọjá. Nígbà tí Facebook fi máa san bílíọ̀nù 19 dọ́là lé WhatsApp lórí ní 2014, ìkéde lẹ́kíṣọ̀ tiwa ti kó lọ síbẹ̀. Àwọn kan ní àìsí àwòrán tó dáa ló pa 2go. Èmi ò gbà. Oyè ló so wá mọ́ ibẹ̀, oyè kì í sì í bá èèyàn kó ẹrù. Bí àwọn tó ń wò ó ti lọ tán, kí la ó fi Master ṣe?

Nígbà tí mo wọlé kẹ́yìn, Veteran ni mo ṣì ń jẹ́. Mo kí gbogbo orúkọ tó wà lójú fóònù mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, ó ní ta ni mí.