Roquefort: Abúlé Tó Fi Ihò Àpáta Jẹun

Roquefort-sur-Soulzon kò tóbi. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé 700. Ẹkùn Aveyron ló wà, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, kò sì jìnnà sí ìlú Millau. Òkè Combalou ló dúró sẹ́yìn rẹ̀, àwọn ilé tò sí ẹsẹ̀ àpáta. Ilẹ̀ tó ṣeé dáko ní abúlé náà kò tó nǹkan, àwọn àgùntàn tí òkìkí rẹ̀ ti ara wọn wá sì ń jẹko káàkiri orí òkè àti àfonífojì tó yí i ká. Síbẹ̀, láti Paris dé New York, orúkọ rẹ̀ wà lórí àtẹ ọjà. Wàràkàṣì ló gbé e débẹ̀.

Kì í ṣe irú wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi omi bòmubòmu dì, tí à ń dín jẹ, là ń sọ o. Wàrà àgùntàn tí iná ò kàn ni wọ́n fi ń ṣe ti Roquefort. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ lo 90 ọjọ́ kó tó dé ọjà. Ó funfun, ó rọ̀, ohun kan tó dúdú bí aró sì gba inú rẹ̀ kiri. Ohun náà, bíbu ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó bu ni, òun gan-an sì ni adùn rẹ̀, bí òórùn rẹ̀ tilẹ̀ lè lé àlejò sá.

Òkè yẹn ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ọjọ́un, kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ nǹkan sílẹ̀, etí òkè Combalou ya lulẹ̀. Irú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì ni òkúta ibẹ̀, omi a sì máa jẹ ẹ́ nínú. Nígbà tó wó, àwọn àpáta gorí ara wọn, ihò àti pàlàpálá sì kù sáàárín wọn, ní ibi tó gùn tó kìlómítà 2, tó sì fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 300. Fleurines ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwọn pàlàpálá náà. Atẹ́gùn tútù tó kún fún ọ̀rinrin ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde. Ìbáà jẹ́ ìgbà ooru, ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù, inú ihò náà kì í sábà kúrò láàárín 8 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ayé tó mọ fíríìjì, wọ́n ti ní tiwọn.

Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé darandaran kan ló gbé búrẹ́dì àti wàrà dídì rẹ̀ sínú ihò, tó rí arẹwà ọmọbìnrin kan lókèèrè, tó sì sá tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa padà wá, oúnjẹ rẹ̀ ti bu, ebi sì sọ ọ́ di onígboyà. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n ó jọ ohun tí oníṣòwò máa ń sọ fún àlejò. Wọ́n tún máa ń fi Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù ayé àtijọ́, yangàn, ẹni tó yin wàràkàṣì tó ń ti ẹkùn Gévaudan wọ Róòmù. Gévaudan súnmọ́ Roquefort lóòótọ́, ṣùgbọ́n Pliny kò dárúkọ Roquefort. Ìwé tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni ti àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ìlú Conques, ní ọ̀rúndún kọkànlá, tó sọ̀rọ̀ nípa wàràkàṣì méjì tí ihò kọ̀ọ̀kan yóò máa san lọ́dọọdún. Ìyẹn ni pé nígbà náà, ihò ti ní olówó, ó sì ti ń pa owó wọlé.

Ní 1411, Ọba Charles Kẹfà fún àwọn ará Roquefort láṣẹ pé àwọn nìkan ni kó máa tọ́jú wàràkàṣì náà sínú ihò wọn títí yóò fi gbó. Ohun tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni pé àjàrà kò hù nílẹ̀ wọn, àlìkámà kò hù. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá abúlé yìí sílẹ̀ nínú ọrọ̀ ajé. Àgùntàn pọ̀ nílẹ̀ Faransé, iyọ̀ pọ̀, búrẹ́dì tó bu kò wọ́n níbikíbi. Ìwé tó sọ pé ihò tèmi nìkan ló tọ̀nà, òun ló ṣọ̀wọ́n. Ní 1666, ilé ẹjọ́ gíga Toulouse tún fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì fi ìyà halẹ̀ mọ́ oníṣòwò tó bá ń ta ayédèrú.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Ní 1842, àwọn oníṣòwò kan pa owó pọ̀ dá ilé iṣẹ́ tó di Société sílẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú àwọn tó ń ṣe Roquefort títí di òní. Ọjà fẹ̀ débi pé wàrà àdúgbò kò tó mọ́. Láti erékùṣù Corsica ni wọ́n ti ń kó wàràkàṣì tútù gba orí òkun wá sínú ihò. Nínú ihò ọ̀hún, àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní cabanières ló ń ṣe iṣẹ́ tó le jù: wọ́n ń fi iyọ̀ ra á, wọ́n ń yí i padà, wọ́n sì ń ha ara rẹ̀ nínú òtútù àti òkùnkùn. Orúkọ ọba àti ti ilé ẹjọ́ ló kún inú ìtàn Roquefort. A kì í gbọ́ tiwọn.

Láyé àtijọ́, búrẹ́dì ni wọ́n ń gbé sínú ihò kó bu, tí wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná sínú wàrà. Penicillium roqueforti ni orúkọ ohun tó ń mú un bu. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún wàràkàṣì náà káàkiri kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, nítorí láìsí afẹ́fẹ́, ohun náà kò ní hù. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ lo 14 ọjọ́ nínú ihò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wé e, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa gbó díẹ̀díẹ̀.

Òfin 26 Oṣù Keje 1925 ló sọ Roquefort di wàràkàṣì àkọ́kọ́ tí ìjọba Faransé fi òfin dáàbò bo orúkọ ibi tó ti wá. Ní 1961, ilé ẹjọ́ Millau fi kún un pé ibòmíràn lè ṣe irú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbó nínú ihò Combalou nìkan ló lè jẹ́ Roquefort. Lónìí, ilé iṣẹ́ méje péré ló ń ṣe é, àgùntàn Lacaune nìkan sì ni wàrà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá.

Orúkọ tó níye lórí kì í ṣàìní ọ̀tá. Ní 1999, nígbà tí ilẹ̀ Yúróòpù kọ ẹran màlúù Amẹ́ríkà tí wọ́n fi oògùn tó ń mú ẹran tètè dàgbà sìn, Amẹ́ríkà gbẹ̀san: ó fi owó-bodè ìdá ọgọ́rùn-ún lé Roquefort. José Bové, tó ń sin àgùntàn lórí òkè Larzac nítòsí, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tú ilé oúnjẹ McDonald's, ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Millau palẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò sọ owó-bodè náà di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìjọba Obama kò mú un ṣẹ.

Ìyẹn, ará ìta ni. Ní 2019, Société fúnra rẹ̀, tó ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá Lactalis, gbé wàràkàṣì àgùntàn aláwọ̀ aró mìíràn jáde, nínú páálí tó jọ ti Roquefort. Kò sí ihò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti Roquefort lọ. Àwọn tó ń sin àgùntàn fárí ga, àmọ́ wọn ò kọ Roquefort sí i lára.