Ìlọ́po ẹ̀yìn ni, kì í ṣe ìpín

Ẹnìkan tún ti túmọ̀ "axle ratio", iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń ti iwájú bọ̀ máa yí kí taya ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan, sí "ìpín ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀". Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn ẹ̀rín ni inú bí mi. Ní Ìjẹ̀bú wa níbí, dárúkọ ìpín láàárín ẹbí, kí o wò ó bóyá ẹnikẹ́ni máa rántí ọkọ̀. Ilẹ̀ bàbá ni gbogbo wọn máa rò, àti ẹni tó gba apá tó kọjú sí títì. Kí ló kan dífù, àpótí jíà tó wà láàárín taya ẹ̀yìn méjèèjì, nínú ogún pípín? Ká ní kíráùn, jíà ńlá inú rẹ̀, ní eyín 41, tí píníọ̀nù, jíà kékeré tó ń yí i, ní 10, pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìn lọ sẹ́yìn, á yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin àti díẹ̀ kí taya tó yí lẹ́ẹ̀kan. 4.10 nìyẹn. Ìgbà mélòó ni èyí yí kí ìyẹn tó yí ẹyọ kan? Ọmọ iléèwé tó bá ti mọ ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta, ti mọ orúkọ ohun tí à ń wá. Ìlọ́po ẹ̀yìn ni mo ń pè é, n kò sì ní yẹhùn.

Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní "réṣíò", mi ò bá wọn jà. Ọwọ́ wọn kún fún gíríìsì, wọn ò ráyè ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń kọ "jíà gíga" ni mo ń bá jà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tú u wá, níbi tí jíà tí wọ́n ní ó ga ti jẹ́ èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré! Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ṣàgámù ka irú rẹ̀, ó lọ ra 4.30, torí 4.30 ṣáà ju 3.08 lọ. Ìrìn pẹ̀lẹ́ dé Ọ̀rẹ̀ ló ń wá. Ẹ́ńjìn tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta ló rí. Ká ní ìlọ́po ńlá àti ìlọ́po kékeré ni wọ́n kọ fún un, owó rẹ̀ ì bá ṣì wà lápò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ rántí ọmọ kékeré tó ń tẹ̀lé ìyá àgbà lọ sọ́jà Òkè-Ajé. Ìyá gbé ẹsẹ̀ kan, ọmọ ti sá mẹ́rin. Wọ́n jọ dé ọjà ni, àmọ́ ọmọ ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá ni taya, ọmọ ni ẹ́ńjìn. Taya tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 2, bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí, á yí bí ìgbà 833 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú jíà tí ẹ́ńjìn àti pùròpẹ́là ti ń yí iye kan náà, 4.10 á mú ẹ́ńjìn yí bí 3,400, 3.08 á mú un yí bí 2,570. Ẹni tó ru àpò gàrí gun òkè, ẹsẹ̀ kéékèèké ló máa fi gùn ún, ìyẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù fi ń lo ìlọ́po ńlá. Bí ìlọ́po bá sì kéré jù fún ẹ́ńjìn yín, òkè díẹ̀, ẹ ti ń já jíà, epo tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ á bá ibẹ̀ lọ.

Àwọn tí taya iwájú ń fa ọkọ̀ wọn, ẹ fo ìyókù, ọkọ̀ tí taya ẹ̀yìn ń tì ló kàn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ìlọ́po rẹ̀ fúnra yín. Ẹni tó ta Hilux àtijọ́ fún mi búra pé 3.73 ni. Mo fi jáákì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, mo já a sí níútúrà, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára taya àti pùròpẹ́là. Taya kan ṣì wà nílẹ̀, bí ọ̀kan bá sì dúró, dífù máa ń mú èkejì yí ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí èyí tó wà lókè. Pùròpẹ́là ti yí mẹ́rin kọjá kí n tó parí.

Bí ẹ bá sì pààrọ̀ ìlọ́po ẹ̀yìn, mítà eré tó ń gba ìròyìn lára jíàbọ́ọ̀sì á máa parọ́ fún yín. Láti 4.10 sí 3.08, bó bá ń fi 75 hàn yín nígbà tí ẹ ń kọjá ní Ògèrè, 100 ni ẹ ń sá.