Ìfòfindè ìmọ̀ jẹ́nẹ́tíìkì ní Sófíẹ́tì

Ìfòfindè ìmọ̀ jẹ́nẹ́tíìkì, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń jogún àbùdá òbí, ní Sófíẹ́tì wáyé ní oṣù kẹjọ ọdún 1948, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Mọ́sìkò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ Trofim Lysenko ṣe ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ìjọba fọwọ́ sí nípa bí irúgbìn àti ẹran ṣe ń jogún àbùdá òbí wọn. Lọ́jọ́ tí ìpàdé parí, Lysenko sọ fún àwọn tó péjọ pé ìgbìmọ̀ àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì ti ka ọ̀rọ̀ òun, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ni àtẹ́wọ́ bá sọ. Stalin, olórí Sófíẹ́tì, fúnra rẹ̀ ló fi kálàmù tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ibi tí Lysenko ti kọ ọ́ pé kò sí ìmọ̀ tí kì í gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan láwùjọ, Stalin fi ẹ̀rín kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: ìmọ̀ ìṣirò wá ńkọ́?

Ọmọ àgbẹ̀ ará Ukraine ni Lysenko, ọdún 1898 ni wọ́n bí i. Ìwé ìròyìn Pravda ló kọ́kọ́ gbé e sókè ní 1927. Oríṣi àlìkámà méjì ni wọ́n ń gbìn lágbègbè rẹ̀: ọ̀kan ń wọlẹ̀ kí òtútù tó dé, á sì wà lábẹ́ yìnyín títí yìnyín á fi yọ́, èkejì, ó di ẹ̀yìn yìnyín. Lysenko ní kí wọ́n rẹ irúgbìn àkọ́kọ́ sómi, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n wá gbìn ín bí èkejì. Òótọ́ ni pé òtútù máa ń jẹ́ kí irú àlìkámà bẹ́ẹ̀ tètè yọ òdòdó, àwọn kan sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó ní ohun tí òtútù ṣe fún ìyá, ọmọ á jogún rẹ̀. Nínú oko, irúgbìn tútù tí wọ́n kó jọ gègèrè a máa bu. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń gba èsì lọ́wọ́ àwọn oko ìjọba, ọ̀gá oko wo ló sì fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé tòun kò yọrí?

Ìyàn ọdún 1932 sí 1933 ti pa àìmọye mílíọ̀nù èèyàn, ojú sì ń kán ìjọba. Àwọn onímọ̀ jẹ́nẹ́tíìkì ní àwọn nílò ọdún bíi mẹ́wàá kí irú tuntun tó jáde. Lysenko ṣèlérí ọdún méjì ààbọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú gbà pé bí a bá tún àyíká ṣe, ẹ̀dá á yí padà. Lójú wọn, jíìnì, ohun inú ara tó ń gbé àbùdá òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ, wá dà bí ayànmọ́ tí kò gbóògùn. Wọ́n tún ń wo ìran ẹni: ọmọ àgbẹ̀ ni Lysenko, ọmọ oníṣòwò ni Nikolai Vavilov, onímọ̀ jẹ́nẹ́tíìkì tó ń ta kò ó, àlùfáà Kátólíìkì sì ni Mendel tó dá ìmọ̀ náà sílẹ̀.

Vavilov ti rin Ethiopia, Afghanistan àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, ó sì ti kó àpẹẹrẹ irúgbìn tó lé ní 250,000 jọ sí ìlú Leningrad. Irúgbìn ló ń ṣà kiri ní Ukraine nígbà tí wọ́n mú un ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1940. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n wá sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ogún ọdún. Ebi ló pa á lẹ́wọ̀n Saratov ní oṣù kìíní ọdún 1943. Láàárín àkókò yẹn, ọmọ ogun Jámánì ti dó ti Leningrad, búrẹ́dì tí ọ̀pọ̀ aráàlú ń gbà lójúmọ́ sì ti di gíráàmù 125. Àwọn tó ń ṣọ́ irúgbìn Vavilov kò jẹ ẹ́. Dmitri Ivanov tó ń tọ́jú ìrẹsì kú láàárín àpò ìrẹsì. Alexander Shchukin tó ń tọ́jú ẹ̀pà kú sídìí tábìlì rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé 1948, ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì pàdánù iṣẹ́, wọ́n sì yọ jíìnì kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Ní 1955, ìjọba fagi lé ẹ̀bi Vavilov. Ìgbà tí wọ́n yọ Khrushchev, olórí Sófíẹ́tì lẹ́yìn Stalin, nípò ní 1964 ni agbára Lysenko tó wọmi, tí ìgbìmọ̀ kan sì yẹ ìwé oko rẹ̀ wò tí wọ́n bá àbùkù níbẹ̀. Kò ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan. Ó ń bá iṣẹ́ lọ lóko náà títí tó fi kú ní 1976.