Bí Àgbélébùú Onígi Ṣe Di Iṣẹ́ Agbẹ́gilére Ní Ọyẹ́-Èkìtì

Ẹni tó bá fẹ́ fi àgbélébùú onígi ta ẹnìkan lọ́rẹ lónìí, ọjà ló máa ń gbà lọ, èyí tí ẹ̀rọ gé ló sì sábà máa ń rí rà. Àmọ́ èyí tí agbẹ́gilére Yorùbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, tí ojú Jésù tó wà lórí rẹ̀ jọ ojú ère ilé wa, a mọ ibi tí wọ́n ti dìídì dá iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: Ọyẹ́-Èkìtì, ní ọdún 1947.

Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní SMA ló fi iṣẹ́ náà lé Fada Kevin Carroll àti Fada Sean O'Mahoney lọ́wọ́, pé kí wọ́n wò ó bóyá iṣẹ́ ọnà Yorùbá lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kó ahunṣọ, oníṣẹ́ awọ, àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà àti agbẹ́gilére jọ. Carroll ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní igi gbígbẹ́. Ta ló fẹ́ kọ́? Bámidélé ni ọ̀gá níbẹ̀, ọmọ Àreògún, agbẹ́gilére ará Òsì, tí òkìkí bàbá rẹ̀ ti kàn ká gbogbo agbègbè Èkìtì kí fada kankan tó débẹ̀. Fada á sọ ìtàn inú Bíbélì fún un. Bí ìtàn náà yóò ṣe jáde lára igi, ọwọ́ Bámidélé ló kù sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn amòye tó wá kí Jésù jòjòló fi jọ ọba Yorùbá.

Làmídì Fákẹ́yẹ wá bá wọn níbẹ̀ láti Ìlá Ọ̀ràngún. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ń gbẹ́ igi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní kó tún lọ jókòó ti Bámidélé fún ọdún mẹ́ta, ó sì gbà. Mùsùlùmí ni, kò sì sẹ́ni tó ní kó ṣèrìbọmi kó tó lè gbẹ́ Jésù.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ọnà lílé ló ṣáájú: wọ́n á fi àáké la igi títí tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn gbàgàdà. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí etí, ojú àti ọwọ́ ti ń yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí wọ́n á fi ọ̀bẹ tó mú fá ara igi títí yóò fi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, ìyẹn ọnà wẹẹrẹ tí wọ́n ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fín sí irun, aṣọ àti etí igi. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sáré dé ìdí fínfín ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ohun tó le nínú àgbélébùú ni apá. Odindi igi kan ni agbẹ́gilére wa fi ń gbẹ́ ère, apá ère sì máa ń sún mọ́ ara. Apá tó nà síta kò bá bí igi ṣe ń là mu. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ mọ́ ara igi kan náà, kì í pẹ́ kán. Ó sàn kí wọ́n gbẹ́ apá lọ́tọ̀, kí wọ́n wá tì í bọ èjìká. Orí ní tirẹ̀ kò yí padà: ó ń tó bí ìdámẹ́rin gíga ère, bí àwọn bàbá wọn ṣe ń ṣe é.

Orí ńlá yìí gan-an àti ojú tó yọ síta ló bí àwọn kan nínú. Àwọn ọmọ ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrìṣà sílẹ̀ rí i, wọ́n ní ère òrìṣà ló tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mi ò lè bá wọn wí tán, nítorí ọwọ́ tó ń gbẹ́ ti òrìṣà náà ló gbẹ́ ti Jésù. Àwọn fada òyìnbó mìíràn pàápàá kò fara mọ́ ọn. Ní 1954, wọ́n ti ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ pa.

Carroll kò torí ìyẹn ṣíwọ́ gbígbé iṣẹ́ fún àwọn agbẹ́gilére. Fákẹ́yẹ ní tirẹ̀ di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ náà dé Amẹ́ríkà; mùsíọ́mù SMA tó wà ní Tenafly, New Jersey, ní nínú iṣẹ́ àwọn ará Ọyẹ́. Ẹni tí ọ̀nà ibẹ̀ bá jìn sí, kó yà sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì inú Yunifásítì Ìbàdàn. Fákẹ́yẹ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ibẹ̀.