Bí Jíà Inú Họ́ọ̀bù Bá Kọṣẹ́ Lójú Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn fẹ́ràn jíà inú họ́ọ̀bù, torí pé eruku àti ẹrẹ̀ kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Agolo irin tó wà láàárín wíìlì ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀bù, ni gbogbo eyín rẹ̀ fara pamọ́ sí. Rohloff Speedhub tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì ní jíà 14, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfa wàhálà. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá kọṣẹ́ ní ìgbèríko, kò sí mẹkáníìkì tó máa ṣí i níbẹ̀ tó máa rí i tò padà. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i. Ẹ ṣáà wá bí kẹ̀kẹ́ yóò ṣe yí dé ìlú tó kàn.

Wáyà tó ń yí jíà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú àwọn họ́ọ̀bù tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé ó ti kú, ọ̀pọ̀ ni kò ní àrùn kankan, wáyà rẹ̀ ló já tàbí tó dẹ̀. Tó bá jẹ́ họ́ọ̀bù Shimano Alfine oníjíà 8, ẹ fi sí jíà 4, kí ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ sípírókẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń yí, dáadáa. Ìlà yẹ́lò méjì wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n kojú ara wọn. Bí ọ̀kan bá ti yà, ẹ yí ibi tí wọ́n ti ń fa wáyà le díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi bára mu. Fún oníjíà 11, jíà 6 ni ẹ ó fi sí.

Ti Sturmey-Archer AW oníjíà mẹ́ta yàtọ̀. Ọdún 1936 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó ṣì pọ̀ nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Bí wáyà rẹ̀ bá já, jíà 3 ló máa bọ́ sí, ìyẹn èyí tó le jù láti fi gun òkè. Ẹ wo nọ́ọ̀tù ọwọ́ ọ̀tún: ṣéènì tín-ín-rín kan gba inú rẹ̀ jáde, ó so mọ́ ọ̀pá kékeré kan. Ẹ fa ṣéènì náà títí ibi tí ọ̀pá ti parí tí ṣéènì ti bẹ̀rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú etí irin tó gba àárín wíìlì kọjá, kí ẹ wá fi wáyà dè é mọ́ ara kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti wà ní jíà 2 nìyẹn. Ẹ dè é pinpin o! Àárín jíà 2 sí 3, ibì kan wà tí pẹ́dà kì í ti í mú nǹkan kan. Bó bá bọ́ síbẹ̀ nígbà tí ẹ dìde dúró tẹ pẹ́dà, irin kẹ̀kẹ́ ni ẹ máa fi ara lé.

Rohloff ló rọrùn jù nínú wọn. Wáyà méjì ló ní, bí wọ́n bá sì já, jíà tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló máa dúró sí. Èyí tí àpótí wáyà rẹ̀ wà níta, ẹ tú àpótí náà kúrò, ẹ ó rí irin onígun mẹ́fà. Ẹ fi sípánà 8 yí i. Bó bá ti dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, jíà kan ti yí padà. Ẹni tó di ẹrù rù kẹ̀kẹ́ lè fi sí 5 tàbí 6, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Bó bá wá jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ló fọ́, tí pẹ́dà kàn ń yí lófo, ẹ ó gbọ́ ìmọ̀ràn pé kí ẹ fi okùn de sípírókẹ́ẹ̀tì mọ́ sípóòkù. Ìyẹn lè ṣiṣẹ́ lára sípírókẹ́ẹ̀tì ńlá tó ní ihò lára. Ti họ́ọ̀bù kéré, ó sì jìnnà sí sípóòkù. Èmi ò ní fi àkókò mi ṣòfò níbẹ̀. Wíìlì mìíràn ni kí ẹ wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà Pamir, M41, ní Tajikistan ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín Murghab àti Karakul, ẹ máa gba orí òkè Ak-Baital tó ga tó mítà 4,655. Bí họ́ọ̀bù bá kú níbẹ̀, ọkọ̀ ni ẹ máa dá dúró, kó gbé yín dé Osh ní Kyrgyzstan, kí ẹ ra wíìlì lásán lọ́jà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹni tó bá yín to kẹ̀kẹ́ ronú. Bí ríìmù yín bá jẹ́ 559, ìyẹn ínǹṣì 26 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè àtijọ́, táyà yín á bá a mu. Àyè 135 mìlímítà tí Rohloff ń lò láàárín apá méjèèjì tó di wíìlì ẹ̀yìn mú náà ni ọ̀pọ̀ wíìlì irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò. Bí ti ọjà bá tín-ín-rín jù, ẹ fi wáṣà dí i. Bí ibi tí ẹ ń ti wíìlì sí lára kẹ̀kẹ́ bá gùn sẹ́yìn, ẹ ó lè fa ṣéènì le láìsí ohun èlò mìíràn. Wíìlì ọjà lè má ní àyè fún díísìkì bíréèkì, a jẹ́ pé bíréèkì iwájú nìkan ló kù. Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lo bẹ́líìtì dípò ṣéènì ló máa jìyà jù: kò sí wíìlì ọjà tó máa gba bẹ́líìtì, àfi kó gbé ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú dání láti ilé.

Ẹ fi wáyà jíà, sípánà 8 àti 15 àti wáyà ìdè sínú àpò. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára họ́ọ̀bù náà. Ẹ má sọ wíìlì tó kú nù, torí wọ́n lè tún un ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé nínú ọkọ̀ òfurufú, ẹ kọ́kọ́ da epo inú rẹ̀ dànù kó má baà jò sára ẹrù ẹlẹ́rù. Mìlílítà 25 péré ni, tuntun ni wọ́n máa dà sí i.